Bí Alága Morákinyọ̀ Ṣe Pàṣẹ fún Ìjì

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé Goresbrook rí, ní ìsàlẹ̀ Dagenham ní London, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ sí ìhà odò, ẹ óò jẹ́rìí mi pé ìjì kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé báyìí, atẹ́gùn á ti orí odò Thames dìde bí ẹni tó wá jà sí ogún bàbá rẹ̀. Á ti ike ìdọ̀tí ṣubú, á gbé àga inú ọgbà onílé kan fún onílé kejì, á ṣí fìlà lórí ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí náà, kò sóhun tó burú bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ múra ilé wọn sílẹ̀ de àsìkò ìjì. Ohun tó burú ni pé wọ́n ní alága.

Orúkọ alága yìí ni Morákinyọ̀ Akínbọ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ilé méjìlélógún ló yí kúlóòsì (òpópó kékeré tí kò já síbòmíràn) tó ń gbé ká, ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ibẹ̀ ló sì fi jẹ alága. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe yàn án. Èèyàn mẹ́rin ló wá sípàdé lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló wọ kóòtù. Ogún ọdún ló ti fi ń yẹ páálí wò ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kò sẹ́ni tó pè é ní "sà" rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti di alága, bí fóònù rẹ̀ bá dún, "Alága ló ń gbọ́ yín" ló máa ń wí, kódà bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló pè é láti yàrá kejì. Nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, á ní, "Olúwa, èmi Alága ni mo wà níwájú Rẹ." Bóyá ó rò pé wọ́n lè ṣì í mọ̀ lókè ọ̀run.

Ní oṣù kẹwàá, ìwé pélébé kan gba ihò lẹ́tà wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ káńsù ló ti wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kí onílé ra tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì, kó tọ́jú omi mímu, kó so ohun tó wà nínú ọgbà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì mọ aládùúgbò tó máa nílò ìrànlọ́wọ́ bí iná bá lọ. Alága kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú bí i.

"Ojú ìwé kan! Ojú ìwé kan ṣoṣo fún odindi ìjì! Ṣé ọ̀rọ̀ ìjì ni wọ́n kọ ni àbí ìwé ìpè sí ìsọmọlórúkọ?"

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Bàbá Tiwaladé, gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Orúkọ mi ńkọ́? Ibo ló wà níbẹ̀?"

 Ọmọ́ṣọlá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn.

Bí Alága ṣe jókòó ti tábìlì nìyẹn, tó kọ ìwé tirẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọjáde. Lára èèpo ìwé náà ni àwòrán rẹ̀ wà: ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń kọ mànà, ó dé àkẹtẹ̀ ike tí àwọn kọ́lékọ́lé máa ń dé (kọ́lékọ́lé ni mo wí o, n kò wí kólékólé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ óò rí ohun tó kó láìpẹ́), ó wá na ìka sí ojú ọ̀run bí ẹni ń bá ọmọ tó ya ìyàkuyà wí. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Ìjì. Ọ̀ọ́dúnrún ló tẹ̀ jáde fún ilé méjìlélógún. Ìyókù, ó kó wọn sínú gárèjì rẹ̀, ó tò wọ́n dé òkè àjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gárèjì yìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ pin sí. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilẹ̀kùn oníná sí i ni. Bó bá tẹ rìmóòtù báyìí, ilẹ̀kùn á rọra máa ká sókè, á máa kùn bí ológbò tó yó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin yìí á dúró síwájú rẹ̀, á ṣí i, á tì í, á tún ṣí i. Ọmọ́ṣọlá a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ní orogún, wáyà ni wọ́n fi bí i.

Ó pe ìpàdé. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn èèyàn wá, nítorí ẹ̀rù ìjì ń bà wọ́n. Bọ̀dá Láyí ló kọ́kọ́ dìde. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Láyí. Alága fi jẹ Alukoro ẹgbẹ́, iṣẹ́ Alukoro sì ni kó máa yin Alága.

"Alága wa! Ẹ̀yin tí ẹ bá wúkọ́ ní Goresbrook, tí wọ́n á ti rọ aṣọ òtútù ní Romford! Ẹ̀yin tí ẹ wo ojú ọ̀run tí ojú ọ̀run fi wolẹ̀! Ìjì mélòó ló mọ̀ yín tí kò ní yà gba Essex?"

Alága gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dákẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìwúre, ó bọ́ sójú agbo.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti òní lọ, ìjì kankan kò gbọdọ̀ wọ kúlóòsì yìí láìgba àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì mi." Láyí pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀wẹ̀, mo ti ṣe ìwádìí. Ohun tó ń pa ènìyàn nígbà ìjì kì í ṣe ìjì. Àìlétò ni. Bí tọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, olúkúlùkù á máa tàn án bó ṣe wù ú. Ìlú wo ló ń tòrò bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, gbogbo tọ́ọ̀ṣì, gbogbo bátìrì, gbogbo fíláàsì, gbogbo sítóòfù kékeré onígáàsì, kí wọ́n máa bọ̀ ní Ilé Ìpamọ́ Àpapọ̀."

"Níbo nìyẹn, sà?" ẹnì kan bi í.

"Gárèjì mi ni."

Karimot, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé ọwọ́ sókè. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Karimot ń ṣe. Odi kan ló pààlà ilé rẹ̀ sí ti Alága, bàbá rẹ̀, Àlàájì Yẹ̀kínì, sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àyà ń dun bàbá yìí. Ẹ̀rọ kan ló ń bá a fa atẹ́gùn sínú tọ̀sántòru. Láàárín wa, Bàbá Àlàájì yìí ló gba Morákinyọ̀ sílé lọ́dún tó kọ́kọ́ dé London. Oṣù mẹ́fà ló sùn sí yàrá bàbá náà láìgbọ́ "Ìgbà wo lo máa lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n," Karimot wí, "ilẹ̀kùn gárèjì yín, ṣé iná kọ́ ló ń ṣí i? Bí ìjì bá jà tí iná bá lọ, báwo la ṣe máa wọlé mú tọ́ọ̀ṣì?"

 Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí olùkọ́ máa ń rín sí ọmọ tó fi iye ẹsẹ̀ adìẹ pe mẹ́ta.

"Karimot, àbúrò mi. Iná kì í lọ ní London. Ṣé o rò pé Ìjẹ̀bú-Igbó la wà ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Karimot jókòó. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́: "Alága sọ pé iná kì í lọ." Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìfidánrawò. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣe ìjì. Ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé kúrò nílẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń sáré yí kúlóòsì ká, ó ń fẹ́ ènìyàn, Láyí sì ń fọn fèrè tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá tètè dọ̀bálẹ̀, máàkì rẹ̀ á dín. Wíìgì Àǹtí Moṣọpẹ́ fò bọ́ sínú gọ́tà, wọ́n sì gba máàkì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò so orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Láyí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé wò kiri. Karimot wà níbi iṣẹ́ nígbà tó dé ilé wọn. Bàbá Àlàájì ló ṣílẹ̀kùn, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń yí tẹ̀ lé e bí ajá.

"Bàbá, bátìrì dà?"

"Bátìrì ẹ̀rọ mi wà nínú ẹ̀rọ. Ìkejì wà lórí tábìlì, ìyẹn tó wà fún ọjọ́ ìṣòro."

"Ọjọ́ ìṣòro gan-an la ń bá yín tọ́jú rẹ̀ dè," Láyí wí. Ó jù ú sínú àpò, ó sì fún bàbá ní ìwé ẹ̀rí tí àwòrán Alága wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Karimot dé, tó gbọ́, kò bọ́ bàtà, kò mumi. Ilé Alága ló forí lé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì bàbá mi."

"Ó wà ní ìpamọ́."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbà á ni."

Alága mú fáìlì kan jáde. "Fọ́ọ̀mù Kẹtàdínlógún, Ìgbàpadà Ohun Ìjì. Ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú: Alága, Olùtọ́jú Ilé Ìpamọ́, àti Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Ìjì."

"Ẹ̀yin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

"Ìdí nìyẹn tí kò fi lè yá. Ẹni mẹ́ta kì í ronú bákan náà. Padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

 Ohun tí Karimot fẹ́ sọ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kò lè bú àgbà lójúkojú. Ó mú fọ́ọ̀mù náà lọ. Ilẹ̀kùn tó tì lẹ́yìn ni kò bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Kò pé Ọjọ́bọ̀ tí ìjì fi dé. Ó ṣe tán, ìjì kò gba ìwé Alága. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló wọlé. Nígbà tó fi di agogo mẹ́ta, ó ti ń kó ike ìdọ̀tí ní méjì méjì, ó fà wọ́n gba ojú títì bí ẹni ń da màlúù. Ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀, tí ilẹ̀ oṣù kọkànlá ti ń ṣú, gbogbo iná kúlóòsì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó kú pátápátá.

Ẹ ò rí ohun tí iná tó lọ máa ń fà yọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá níbikíbi tó bá wà láyé. Láti ilé méjìlélógún, bí ẹnì kan ṣoṣo: "Áà!"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé àwọn kò ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi iná fóònù tó kù díẹ̀ kó kú wá ọ̀nà dé iwájú gárèjì. Alága jáde sí wọn tòun ti jákẹ́ẹ̀tì àti àkẹtẹ̀, òjò ń nà án. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ọjọ́ tó ti ń retí nìyí. Ó gbé rìmóòtù sókè bí ìgbà tí Mósè gbé ọ̀pá sí òkun, ó tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó fi atẹ́lẹwọ́ gbá a, ó tẹ̀ ẹ́.

"Bóyá kí ẹ sọ ipò yín fún un, sà," Láyí wí.

"Ní orúkọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Ìjì, ṣí!"

Ilẹ̀kùn irin kò mọ ọ̀gá. Wọ́n ní kí àwọn gba ilẹ̀kùn kékeré tó wọ gárèjì láti ilé ìdáná. Ọmọ́ṣọlá tì í, kò lọ. Ọkùnrin mẹ́ta tì í, kò lọ. Àwọn ìwé tí Alága tò kalẹ̀ ti ya lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, lọ́nà ọgọ́rùn-ún méjì àti àádọ́rin lé, ló dí ọ̀nà.

Àárín ìyẹn ni Karimot sáré jáde, kò wọ aṣọ òjò, kò bo orí.

"Ẹ̀rọ bàbá mi ti ń ké! Bátìrì inú rẹ̀ ti gbó, kò ní pé ogún ìṣẹ́jú tó máa kú. Mo ti pe áńbúláǹsì, wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n igi ti wó dí ojú ọ̀nà. Ẹ bá mi mú bátìrì yẹn jáde!"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo ènìyàn.  Ojú ọkàn Morákinyọ̀ rí yàrá kékeré tó sùn sí fún oṣù mẹ́fà. Ó rí bàbá náà tó ń gbé ife tíì wá fún un láàárọ̀ òtútù.

"Fèrèsé kékeré wà lẹ́yìn gárèjì," Ọmọ́ṣọlá wí. "Kò ní ìdè. Karimot tín-ínrín, ó lè gba ibẹ̀."

Karimot ti ń lọ. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn, ipò a máa ra ènìyàn níyè. Alága na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Dúró! Ìlànà, ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ Ilé Ìpamọ́ ṣáájú Alága. Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo máa yanjú rẹ̀."

Kó tó di pé ẹnì kan dá a dúró, ó ti ki orí bọ fèrèsé. Orí wọlé. Apá wọlé. Àyà wọlé pẹ̀lú ìjà díẹ̀. Ikùn dé ẹnu ọ̀nà, ó kọ̀. Alága kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ìdajì rẹ̀ wà nínú Ilé Ìpamọ́ Àpapọ̀, ìdajì kejì, èyí tó tóbi jù, wà níta nínú òjò. Ìjì wá yí ojú sí i, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn sókè bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ni ṣòkòtò bá fà ya láti òkè délẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ti alága lè tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Láti inú gárèjì, ohùn kan ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá: "Ẹ fọkàn balẹ̀! Gbogbo nǹkan wà ní ìkáwọ́ mi!"

"Bàbá Tiwaladé, pa ẹnu dé kó o fa ikùn sínú!" Ọmọ́ṣọlá pariwo. Ó ti sáré gbé òróró dé. Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ yíká bí ẹni fẹ́ dín in. Láyí di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, Àǹtí Moṣọpẹ́ di ẹsẹ̀ òsì mú, ó sì fi ọ̀ràn wíìgì rẹ̀ kún agbára tó fi fà á.

"Ọ̀kan, èjì, ẹ fà!"

Kò yọ.

Nínú òkùnkùn níbẹ̀, ojú Morákinyọ̀ ń wo bátìrì náà lórí pẹpẹ, ó jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan. Ó ń gbọ́ bí Karimot ṣe ń pe bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi: "Bàbá, ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀! Mò ń bọ̀!"  Èémí tó ti fi wú ara rẹ̀ láti ọdún kan àbọ̀ tó ti di alága, ó mí i síta tán, hìììn.

Ibẹ̀ ló ti yọ. Ó já bọ́ sẹ́yìn lé Láyí lórí, àwọn méjèèjì sì yí lọ sínú ẹrẹ̀. Kí wọ́n tó dìde, Karimot ti gba fèrèsé wọlé bí ẹja. Ó mú bátìrì, ó fa okùn pupa kan tó rọ̀ láti ara ẹ̀rọ ilẹ̀kùn fún ìgbà tí iná bá lọ, ilẹ̀kùn tú, ó fi ọwọ́ gbé e sókè, ó sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ. Kí ó tó fi bátìrì sí i, ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá Àlàájì mí kanlẹ̀, ó ní, "Kí ni gbogbo ariwo yẹn? Ta ni wọ́n ń fà níta?"

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pèpàdé. Alága wá pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀ ìgbèjà ojú ìwé mọ́kànlá. Wọn ò jẹ́ kó kà á. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Alága fi ipò sílẹ̀ nawọ́ sókè. Ọmọ́ṣọlá ló kọ́kọ́ nawọ́. Láyí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ka ọwọ́, ó na méjèèjì. Ojú ẹsẹ̀ ló dìde sí Karimot: "Alága wa tuntun! Ẹ̀yin tí ẹ gba fèrèsé bí mànàmáná!"

"Bọ̀dá Láyí," Karimot wí, "ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lọ dá tọ́ọ̀ṣì onítọ́ọ̀ṣì padà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé ìjì mìíràn ń bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì wà ní ilé kọ̀ọ̀kan, omi wà, wọ́n ti so àga ọgbà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pe Karimot lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì fẹ́ fi bàbá sílẹ̀ lóun nìkan. Bó ṣe dúró tó ń rò ó, Morákinyọ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Súwẹ́tà lásán ló wọ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Karimot, bí o bá gbà, mo lè jókòó tì wọ́n. N kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Karimot wò ó. "Bátìrì wà lórí tábìlì, Ẹ̀gbọ́n. Kò ní fọ́ọ̀mù o."

Bó ṣe jókòó ti ibùsùn Bàbá Àlàájì nìyẹn. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀ ní ṣókí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ojúṣe aṣíwájú láwùjọ, ó gba ibẹ̀ lọ sórí ìtàn ìjì láti ìgbà Nóà. Nígbà tó máa gbójú sókè, ojú bàbá ti pa dé.  Ìtìjú mú Morákinyọ̀, ó dákẹ́.

"Morákinyọ̀," bàbá wí láì la ojú, "kí ló dé tó o dákẹ́?"

"Mo rò pé ẹ ti sùn ni, Bàbá."

"Ó kù díẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí àyà yìí ti ń dùn mí ni n kò ti rí oorun sùn. Dókítà fún mi lóògùn, oògùn ò ràn án. Àṣé ẹnu rẹ ló wà." Ó fa aṣọ dé ọrùn. "Bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ọmọ mi. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni kó o sọ."

Morákinyọ̀ fa àga sún mọ́ ọn. Níta, ìjì ti ń ta ilẹ̀kùn. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: "Kókó mẹ́tàdínlógún ni mo fẹ́ mẹ́nu bà lónìí..."

Kó tó dé ìdajì èkíní, Bàbá Àlàájì ti ń hanrun.